Ojú Pọ̀ Nínú Sinimá John Wick: Ta Ni A Fún Ní Orúkọ, Ta Ni A Fi Kún Ilé Lásán?

Ọ̀rọ̀ sinimá ni a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa ti mọ bí a ti ń wo sinimá lórí tẹlifóònù. Ohun tí ó bá ń rí níbẹ̀ ni yóò fi máa wọn ènìyàn: ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù, ẹni tí ó yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀gá, àti ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀gá. Nítorí náà, bí wọ́n bá kó onírúurú ènìyàn ayé jọ sínú ìtàn kan, ó tọ́ kí a béèrè irú ipò tí wọ́n fi olúkúlùkù sí.

Sinimá tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní John Wick. Apá kìíní jáde ní ọdún 2014, apá kejì ní 2017, apá kẹta ní 2019, apá kẹrin ní 2023. Ìtàn ìpànìyàn ni, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń gbé síwájú ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó wò ó kò níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń yìn ín pé ó fi àyè gba ènìyàn funfun, ènìyàn dúdú, ará Éṣíà, ọkùnrin àti obìnrin. Àwa náà yóò yìn ín níbi tí ìyìn bá tọ́ sí i. Níbi tí ìbéèrè bá wà, a ó bi í.

ÌTÀN NÁÀ NÍ ṢÓKÍ

John Wick jẹ́ ọkùnrin tí ó ń gba owó pànìyàn, ṣùgbọ́n tí ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Àìsàn pa ìyàwó náà. Kí ó tó kú, ó ṣètò kí wọ́n gbé ọmọ ajá kan wá fún ọkọ rẹ̀, kí ó má baà dá nìkan wà. Ọmọ ọ̀gá àwọn ọ̀daràn Rọ́ṣíà kan já wọlé lóru, ó pa ajá náà, ó sì jí ọkọ̀ John Wick lọ. Báyìí ni ogun ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn apànìyàn inú ìtàn yìí ní òfin tiwọn. Wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ Continental, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní Tábìlì Gíga. Ní ìparí apá kejì, John Wick yìnbọn pa ọ̀tá rẹ̀ kan nínú òtẹ́ẹ̀lì náà ní New York. Kò sí àwíjàre: wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fún un ní wákàtí kan péré kí ó fi sá. Bí wákàtí náà bá ti pé, ilé kan kò gbọdọ̀ gbà á, dókítà kan kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì pa á yóò gba mílíọ̀nù 14 dọ́là.

Ẹni tí a lé kò lè jókòó sójú kan. New York ni ó ti sá lọ sí Mòrókò. Ní apá kẹrin ó dé Osaka ní Jàpáánì, ó dé Berlin, ó sì dé Paris. Ìdí nìyí tí ìtàn náà fi gba oríṣiríṣi ènìyàn. Ẹni tí ó ṣe John Wick gan-an, Keanu Reeves, kì í ṣe ọmọ ojú kan. Beirut ní Lẹ́bánónì ni wọ́n ti bí i ní 1964. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Baba rẹ̀ wá láti Hawaii, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ àti ti Ṣáínà. Toronto ní Kánádà ni ó sì ti dàgbà. Chad Stahelski tí ó darí eré náà ti bá Reeves ṣiṣẹ́ tipẹ́. Òun ni ó máa ń gba ipò rẹ̀ níbi ìjà àti ìṣubú tí ó léwu nígbà tí wọ́n ń ṣe The Matrix tí ó jáde ní 1999. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa wá ẹni tí ó mọ ìjà, ibi yòówù kí ó ti wá.

BÍ Ó TI RÍ TẸ́LẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1937, wọ́n ṣe sinimá The Good Earth ní Amẹ́ríkà, ìtàn àgbẹ̀ ará Ṣáínà kan àti ìyàwó rẹ̀. Òṣèré obìnrin kan wà nígbà náà tí ń jẹ́ Anna May Wong, ọmọ àwọn ará Ṣáínà tí a bí ní Los Angeles, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Yúróòpù. Òun kọ́ ni wọ́n mú ṣe ìyàwó àgbẹ̀ náà. Òyìnbó ni wọ́n mú, Luise Rainer, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar lórí rẹ̀. Ní 1961, nínú Breakfast at Tiffany's, òyìnbó mìíràn, Mickey Rooney, ni ó ṣe ará Jàpáánì, tí ó ń yọ eyín síta, tí ó ń fọhùn kátikàti, kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín.

Bí ó ti pẹ́ tó, ọ̀ràn náà kò tán síbẹ̀. Ní 2015, gbogbo òṣèré 20 tí wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Oscar jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní 2016, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. Ariwo ta. Ní 2020, àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn náà kéde pé sinimá tí ó bá fẹ́ du ipò sinimá tí ó dára jù lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun fi àyè gba àwọn tí a ti ń tì sẹ́yìn, yálà níwájú kámẹ́rà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bùn ti ọdún 2024.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n orí ni òfin lè kà, kò lè wọn iyì. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a ka iye ẹrù tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tọ̀ sì ni kí a mọ èyí tí ó dára nínú rẹ̀.

ORÚKỌ ÀTI AṢỌ

Nígbà tí wọ́n ń múra apá kẹrin John Wick, wọ́n ké sí Donnie Yen, òṣèré Hong Kong, tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Éṣíà, pàápàá láti ìgbà tí ó ti ṣe Ip Man ní 2008. Ọkùnrin náà wo ìwé eré, ó rí i pé orúkọ tí wọ́n fún ẹni tí òun yóò ṣe ni Shang tàbí Chang. Ó wo aṣọ, ó rí i pé aṣọ ọlọ́rùn gígùn tí Hollywood máa ń wọ̀ fún gbogbo ará Ṣáínà ni wọ́n fẹ́ wọ̀ fún òun. Ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn ní 2023 pé òun bi wọ́n léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún àwọn ènìyàn òun nígbà gbogbo, àti ìdí tí wọn kò fi lè múra fún òun bí ènìyàn tí ojú rẹ̀ là. Olùdarí eré gbọ́. Wọ́n yí orúkọ náà padà sí Caine, wọ́n sì wọ kóòtù dúdú àti táì fún un.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ni orúkọ? Kí ni aṣọ? Yorùbá kì í bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìrínisí sì ni ìsọnilọ́jọ̀. Chang kì í ṣe orúkọ burúkú. Ẹni iyì púpọ̀ ni ó ń jẹ́ ẹ. Ohun tí ó burú ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé eré kò wo ilé kankan kí ó tó sọ ọ́. Ó dàbí ìgbà tí àlejò bá kọ ìtàn nípa wa, tí ó sọ gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀ ní Òjó, láì béèrè bóyá wọ́n gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé.

Ẹ sì wo irú ènìyàn tí Caine jẹ́ nínú ìtàn. Ọ̀rẹ́ John Wick ni láti ìgbà pípẹ́. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Tábìlì Gíga fi ẹ̀mí ọmọbìnrin rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn: bí kò bá pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò kú. Ní Osaka, Hiroyuki Sanada, ọmọ Jàpáánì, ni ó ṣe Shimazu, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tí ó gba ẹni tí a lé sílé, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀mí òun lè bá a lọ. Akira ọmọbìnrin rẹ̀ kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Caine ni ó pa á níṣojú ọmọ náà. Àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a mú wá kí akọni ìtàn lè rí ẹni ṣẹ́gun. Baba ni ọ̀kan, ọ̀rẹ́ olóòótọ́ ni èkejì, ọmọ tí ó jẹ ayé ní gbèsè ẹ̀san ni ẹ̀kẹta. A bẹ̀rù wọn, àánú wọn sì ṣe wá.

Ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ. Donnie Yen ìbá dákẹ́, kí ó gba owó rẹ̀ kí ó máa lọ. Chang ni ìbá sì jẹ́ títí láé.

ỌKÙNRIN ẸNU Ọ̀NÀ

Láti apá kìíní dé apá kẹrin, ènìyàn dúdú kan wà lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì New York. Charon ni orúkọ rẹ̀. Lance Reddick, ọmọ Baltimore, ni ó ṣe é. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Áfíríkà tí ó kàwé. Aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Nínú sinimá àtijọ́, ènìyàn dúdú tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún òyìnbó jẹ́ ẹni tí a fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Reddick ṣe é bí àgbà tí ó mọ iyì ara rẹ̀. Nígbà tí ìjà wọ òtẹ́ẹ̀lì náà ní apá kẹta, òun àti John Wick ni wọ́n jọ gbé ìbọn jà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo. A kò mọ ìyàwó Charon, a kò mọ ọmọ rẹ̀, sinimá náà kò sì sọ ìlú tí ó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹrin, aṣojú Tábìlì Gíga kan dé láti fi ìyà jẹ Winston, òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì náà, nítorí pé ó kùnà láti pa John Wick. Winston ni ó ṣẹ̀. Charon ni wọ́n yìnbọn fún. Ọ̀gá wà láàyè, ìránṣẹ́ kú, ikú ìránṣẹ́ sì di ohun tí ìtàn fi ń fi ìbànújẹ́ ọ̀gá hàn. Ó ṣeni láàánú pé Reddick fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ kan kí sinimá náà tó jáde ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi í wé ẹlòmíràn. Laurence Fishburne, ènìyàn dúdú pẹ̀lú, ni ó ṣe ọba àwọn alágbe New York. Àwọn alágbe rẹ̀ ni ojú àti etí rẹ̀ káàkiri ìlú. Nígbà tí Tábìlì Gíga fi idà sá a ní ọgbẹ́ méje nítorí pé ó ran John Wick lọ́wọ́, kò kú, ó dìde, ìbínú tirẹ̀ ni ó sì ń bí. Ènìyàn dúdú méjì ni. Ọ̀kan ń jìyà ọ̀ràn ara rẹ̀, èkejì kú sí ọ̀ràn ọ̀gá rẹ̀.

Ní ọdún 2023 kan náà, eré The Continental jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìtàn òtẹ́ẹ̀lì náà ní New York láàárín àwọn ọdún 1970. Ẹni tí ó ṣe Charon nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni Ayomide Adegun. Kò sí òǹkàwé wa tí a ó kọ́ bí a ti ń pe orúkọ yẹn! Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n kí ìdùnnú pé ọmọ wa dé ilé ńlá má ṣe dí wa lójú, kí a má lè wo irú àga tí wọ́n fi í jókòó lé.

ÀWỌN OBÌNRIN NÍNÚ RẸ̀

Nínú apá kìíní, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé gbogbo ìtàn ró ti kú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn náà sàn díẹ̀ nígbà tí ó ṣe. Ní apá kẹta, John Wick lọ bá Sofia, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì Continental ní Casablanca. Halle Berry ni ó ṣe é, ẹni tí ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar fún olórí òṣèré obìnrin ní 2002. Sofia kò ran John Wick lọ́wọ́ nítorí ìfẹ́. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí pé ó ti bá a gbé ọmọbìnrin rẹ̀ pamọ́ rí. Gbèsè náà ni ó san. Ọ̀rọ̀ tí ó yé ìyálọ́jà ni èyí. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé bí ó ti san gbèsè tán, ìtàn fi í sílẹ̀ sínú aginjù, a kò sì rí i ní apá kẹrin.

Ẹni tí Tábìlì Gíga rán wá dá ẹjọ́ ní apá kẹta ni Asia Kate Dillon ṣe, òṣèré kan tí ó sọ pé òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í sì í ṣe obìnrin. Àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ronú lórí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi tọ́ka sí i; ní èdè tiwa, “ó” kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé sinimá náà kò sọ̀rọ̀ lé e lórí rárá. Adájọ́ ni, gbogbo wọn sì bẹ̀rù ìdájọ́ rẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ SÍ NÍBI ÌPÀDÉ

Ní apá kẹta ni a gbọ́ pé Jardani Jovonovich ni orúkọ John Wick láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ òrukàn láti Belarus tí àwọn Ruska Roma tọ́ dàgbà. Ní ilé eré kan ní New York, àwọn Ruska Roma inú ìtàn yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ijó, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìjàkadì, kí wọ́n lè di apànìyàn. Ilé yìí kan náà ni Ballerina tún padà sí ní ọdún 2025, sinimá tí Ana de Armas, ọmọ Kúbà, jẹ́ olórí òṣèré rẹ̀.

Àwọn Ruska Roma kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé dá láti inú orí ara rẹ̀. Ènìyàn gidi ni wọ́n. Ẹ̀ka kan ni wọ́n nínú àwọn Roma, tí àwọn baba ńlá wọn ti Íńdíà wá sí Yúróòpù ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn tí ó yí wọn ká ti ń pè wọ́n ní olè àti gbọ́mọgbọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ẹnu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Hitler àti àwọn alájọṣe rẹ̀ pa wọ́n ní ìpakúpa. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé iye wọn kò dín ní 250,000. Àwọn Roma sì ní ilé eré gidi: ní 1931 ni wọ́n dá ilé eré Romen sílẹ̀ ní Moscow, fún orin, ijó àti eré wọn. Nínú sinimá, ilé eré di ilé ìkọ́ṣẹ́ ìpànìyàn. Reeves àti Anjelica Huston, àwọn òṣèré ńlá tí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ọmọ Roma níbẹ̀, wọn kì í ṣe Roma.

Irú rẹ̀ tún wà ní Mòrókò. Ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà àwọn apànìyàn ń jẹ́ Berrada, orúkọ ìdílé tí a mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ náà. Jerome Flynn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni nínú sinimá yìí kan náà, Saïd Taghmaoui, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Mòrókò, ni ó ṣe àgbà inú aginjù tí ó ga ju Tábìlì Gíga lọ. Kì í ṣe pé wọn kò rí ọmọ Mòrókò tí ó lè ṣeré. Àti pé Caine tí a yìn lẹ́ẹ̀kan, afọ́jú ni nínú ìtàn. Donnie Yen ń ríran. Àwọn òṣèré tí ó fọ́jú nítòótọ́ lè béèrè pé ìgbà wo ni yóò kàn wọ́n.

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Kí ni ó dé tí ará Ṣáínà fi rí orúkọ tuntun gbà, tí Roma kò fi rí nǹkan kan? Donnie Yen wà níbi iṣẹ́, ó ní òkìkí, ó sì sọ̀rọ̀. Àwọn Roma kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbi ìpàdé ni a máa ń pín ẹrù tí kò dára fún. Kí ojú wa hàn nínú àwòrán kò tó. Ó yẹ kí ẹnu wa wà níbi tí a ti ń kọ ìtàn náà.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN WÁ NÍLÉ

Kí a má ṣe bá Hollywood wí kí a gbàgbé ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ eré Yorùbá, bí Hausa bá yọjú, ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni. Bí Ìgbò bá yọjú, owó nìkan ni ó mọ̀, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ́ kí a lè rẹ́rìn-ín. Bí ará Tógò tàbí Kùtọnu bá yọjú, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ̀yin oníṣòwò ni ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Hausa tí ẹ ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ, ó ní ìyàwó àti ọmọ, ó mọ bí a ti ń dúró de gbèsè, ó sì mọ bí a ti ń foríji oníbàárà. Kí ni ó dé tí ó fi mọ ènìyàn ní ọjà, tí kò sì mọ̀ ọ́n nínú eré?

Ẹ̀yin olùkọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni a lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì gíga, kí wọ́n máa fi wo sinimá tàbí kí wọ́n máa fi ka ìwé ìtàn. Èkíní: ẹni yìí, ṣé wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ? Èkejì: bí ó bá kú, ṣé ọ̀ràn tirẹ̀ ni ó kú sí, tàbí kí ẹlòmíràn lè rí nǹkan sunkún lé? Ẹ̀kẹta: àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣé wọ́n wà níbi tí wọ́n ti kọ ìtàn náà? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú ìtàn kan tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n tún un sọ láti ẹnu ẹni tí ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹnu yóò yà yín sí ohun tí wọn yóò kọ.

Ìyà tí Tábìlì Gíga fi jẹ John Wick ni pé kí ilé kankan má ṣe gbà á. Ó ti pa ènìyàn, ó sì rú òfin ẹgbẹ́. Ó lè mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtàn ayé ti yọ lẹ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọn kò pa ẹnikẹ́ni. A kò lè ti orí àga wa yí Hollywood padà. Ìtàn tí àwa ń sọ fún àwọn ọmọ wa ní alẹ́, èyí tí a ń kọ, àti èyí tí a ń fi owó wa rà, ọwọ́ wa ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a máa wo ilé kí a tó sọni lórúkọ.